Fóònù Méjì Nínú Yàrá Kan

Ẹnjiníà tí iléeṣẹ́ náà gbà láti wá gbé ètò ìpè sórí ẹ̀rọ kò tíì lo ọjọ́ méjì láàárín wọn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kò-Sí-Wàhálà. Ohunkóhun téèyàn bá bi í, ìdáhùn kan náà ni. Ṣé iná ò ní jó ẹ̀rọ yìí? Kò sí wàhálà. Ṣé okùn tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn yìí ò ní já? Kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ tí òrùlé ń jò sórí páálí tí wọ́n kó àwọn fóònù tuntun sí, tí ẹnì kan sáré wá pè é, ó gbójú sókè wo omi náà, ó sún àga rẹ̀ díẹ̀ kó má baà kán sí òun lára, ó ní kò sí wàhálà.

Obìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ gbólóhùn náà rí. Etí rẹ̀ ti di láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́yìn ibà kan tó dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ gbólóhùn ọ̀hún jù ú lọ, torí ojú ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló máa ń wò, bí ètè ṣe ń pàdé tó ń pínyà, ìyẹn sì ti tó o. Olójú ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́fà ló ti ń bá iléeṣẹ́ náà fa okùn, tó ń to fóònù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń dáni lóhùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ máa ń lọ gbọọrọ láìga láìlọ sílẹ̀, bíi ti ẹni tó ń kàwé tí oorun ń kùn. Ẹni tó bá ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta á ti mọ̀ ọ́n gbọ́.

Ìgbà tí fóònù tó ń fojú hanni ṣì ṣọ̀wọ́n ni à ń wí yìí, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wọ aṣọ tó dáa kí wọ́n tó jókòó síwájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló gbé iṣẹ́ fún wọn. Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀ka kékeré kan lẹ́yìn òkè, níbi tí dókítà kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá le koko, ó ní rédíò kan lára ògiri, irú èyí téèyàn máa ń tẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, tí á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó gbọ́ èsì. Òun ló fi ń ké sí dókítà. Wọ́n fẹ́ tú rédíò yẹn kúrò báyìí, kí nọ́ọ̀sì àti dókítà máa rí ojú ara wọn, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ètò tí Kò-Sí-Wàhálà ń gbé sórí ẹ̀rọ náà, alárinà ni ká pè é. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ ẹni tó wà nílé àti ẹni tí kò sí, kó lọ kanlẹ̀kùn ẹni tí wọ́n ń wá, kó ní, "Lágbájá ń pè ọ́, ṣé wàá dá a lóhùn?" Bí onítọ̀hún bá gbà, á júwe ọ̀nà fún àwọn méjèèjì, á sì yẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni àwòrán ń gbà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ohùn ń gbà, ẹni tó bá gbé ètò náà sórí ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà méjèèjì. Bí kò bá ṣí wọn, fóònù á dún, wọ́n á gbé e, wọ́n á sì máa wo ara wọn bí ẹni tó ń wo ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ lásán lójú Olójú. Nọ́ọ̀sì ẹ̀yìn òkè náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ìyá kan náà. Oṣù tó kọjá, aboyún kan dé bá a níbẹ̀, ọmọ fi ẹsẹ̀ ṣáájú. Dókítà ń sọ ohun tó máa ṣe nínú rédíò, òun ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára aboyún náà, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, olùtọ́jú ọgbà ló bá a tẹ rédíò. Ìyá yè, ọmọ yè. Ohùn lásán ló gbà wọ́n là, torí kò sí ẹni tó ráyè wo àwòrán.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Káre lẹ́yìn rẹ̀, torí káre ló fi ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, ẹni tó ṣe dáadáa àti ẹni tó da omi sórí kọ̀ǹpútà. Ó ti pe alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn pé kó wá gba iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí alága bá ti fọwọ́ síwèé báyìí, lójú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n á tú rédíò ẹ̀yìn òkè. Bí ọ̀gá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó ní òun ò fẹ́ kí nǹkan àtijọ́ àti nǹkan tuntun jọ máa wo ara wọn lójú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwòrán kọ̀ tó ní òun ò jáde. Ojú fóònù dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọjọ́ mẹ́rin ni Kò-Sí-Wàhálà fi ń họrí kó tó ṣí ọ̀nà tí àwòrán ń gbà. Nígbà tí ojú Ọ̀gá Káre yọ sórí fóònù, tó tóbi tó sì ń dán, ariwo ayọ̀ ta. Ní ti ohùn, wọn ò tiẹ̀ rò ó rárá. Ohùn kò yọ wọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ kìíní. Ẹnjiníà á jókòó sí ìkangun tábìlì níhìn-ín, ọ̀gá á jókòó sí ìkangun kejì lọ́hùn-ún, àárín wọn kò ju kí èèyàn méjì na apá kí ìka wọn kan ara wọn.

"Hẹ́lò! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín ketekete, Ọ̀gá!"

"Káre! Èmi náà ń gbọ́ ẹ. Àfi bíi pé o wà níwájú mi níbí!"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láàárọ̀, tí wọ́n ń ṣe é lọ́sàn-án. Àlejò tó bá wá, wọ́n á ṣe é fún un wò.

Iṣẹ́ Olójú ni kó máa wo kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso gbogbo rẹ̀, kó máa kọ ohun tó bá rí sínú ìwé àbọ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣí ojú ewé kan tí Kò-Sí-Wàhálà kò ṣí rí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ka gbogbo ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ìlà méjì ló wà fún ìpè kọ̀ọ̀kan. Ìlà ti àwòrán ń sáré gòkè bíi mítà iná. Ìlà ti ohùn wà ní òdo. Ó fi ìka nu ojú kọ̀ǹpútà, ó rò pé eruku ni. Òdo ṣì ni. Ó gbójú sókè: ọ̀gá àti ẹnjiníà wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu ń lọ, orí ń mì, ẹ̀rín ń sọ.

"Ẹnjiníà, ohùn ò lọ o."

Kò-Sí-Wàhálà kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá, ó wá yíjú padà. "Àǹtí, ẹ ní kí ni ò lọ?"

"Ohùn. Ẹ wá wò ó. Àwòrán ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ohùn ò tíì kúrò lójú òdo."

"Àǹtí mi, ẹ má bínú sí mi o." Ó fi ọwọ́ sáyà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín sì ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Nínú gbogbo àwa tá a wà nínú yàrá yìí, ta ló yẹ kó máa sọ fúnni bóyá ohùn ń lọ?"

Ọ̀gá Káre rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. "Káre, Olójú. O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n fi ti etí sílẹ̀ fún àwa tá a ní i."

Olójú wò wọ́n. Etí mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀ yẹn, tó mọ́ nigín-nigín, tí wọ́n fọ̀ láàárọ̀, kò sì sí èyí tó wúlò fún ohun tí Ọlọ́run dá a fún. Bó ṣe ń wo àlàfo tó wà láàárín àga àwọn méjèèjì ló yé e yékéyéké. Ohùn wọn ò gba inú ẹ̀rọ kankan. Orí tábìlì ló ń gbà kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń pariwo síra wọn lójúkojú, tí wọ́n sì ń yin fóònù fún un.

"Ẹnjiníà, ẹ mú ọ̀kan jáde síta, kí ẹ ti ibẹ̀ pe ọ̀gá."

"Síta? Nínú òòrùn yìí?"

"Ẹ kàn dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Àǹtí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò mọ inú yàtọ̀ sí ìta. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ̀rọ ni ò kà á. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí wàhálà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Olójú fi àtẹ̀jíṣẹ́ ro ẹjọ́ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èsì tètè dé. *Bi aláwàdà yẹn bóyá fóònù méjèèjì ń hu. Bí fóònù méjì bá sún mọ́ra báyẹn, tí ọ̀kan sì ń gbé ohùn èkejì lóòótọ́, wọ́n á máa súfèé tí eyín á fi kan èèyàn. Dókítà gbé rédíò méjì sún mọ́ra rí, ajá sá kúrò nílé.*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó bi ẹnjiníà. Inú Kò-Sí-Wàhálà dùn débi pé ó dìde.

"Hu kẹ̀? Àǹtí, kò hu rí! Kò hu bíńtín! Ọ̀gá, ẹ wá gbọ́ ohun tí Àǹtí sọ. Ètò tí àwọn ẹlòmíì ń gbé sórí ẹ̀rọ máa ń hu. Tèmi ò hu."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Alága á fẹ́ràn ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló di kíkọ. Ojú ewé kejì ìwé àbọ̀ iṣẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà: *Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kì í sì í hu.* Níbi tí Olójú ti kọ "Ohùn: òdo" sí, ọ̀gá fi gègé pa á rẹ́, ó kọ "Ohùn: dáadáa" sórí rẹ̀, ó ní kí ó lọ tún un tẹ̀. Olójú ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé fóònù kan lọ sẹ́yìn òkè, kí òun dán an wò ní ibi tí wọ́n á ti lò ó gan-an. Ọ̀gá ní ó ti o. Inú páálí ni wọ́n máa wà kí eruku má baà kàn wọ́n kí alága tó rí wọn. Fóònù tí wọ́n rà pé kí nọ́ọ̀sì fi gba ẹ̀mí là, wọ́n ń ṣìkẹ́ ẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n fọ ilẹ̀ yàrá ìpàdé tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì bíi pé wọ́n fẹ́ gbé òkú lé e. Ọ̀gá Káre wọ kóòtù tó ti fún un lápá. Alága dé pẹ̀lú akọ̀wé ilé ìwòsàn. Bàbá àgbàlagbà ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ikùn rẹ̀ ṣíwájú, ẹ̀rín músẹ́ kì í sì í kúrò lójú rẹ̀. Olójú jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní igun yàrá. Fóònù kékeré rẹ̀ gbọ̀n lápò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni: *Ọkùnrin tó fẹ́ tú rédíò ti dé o. Ó ti gun àga, ó mú irin dání, ó ní ìpè yín lòun ń dúró dè.*

Wọ́n gbé fóònù kan síwájú alága, ọ̀gá mú èkejì, ó sì lọ jókòó sí ìkangun kejì tábìlì kan náà.

"Hẹ́lò, Bàbá wa! Ṣé ẹ ń gbọ́ wa?"

"Háà! Mò ń gbọ́ ẹ dáadáa," ni alága wí. "Ayé ti lajú o. Níbo ni kí n fọwọ́ sí?"

Akọ̀wé ṣí ìwé fún un. Alága yọ ìdérí gègé rẹ̀. Olójú wo kọ̀ǹpútà: àwòrán ń gòkè, ohùn òdo. Ó dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i."

Ojú Ọ̀gá Káre pọ́n. "Olójú, jókòó."

Olójú rí i pé ó ní kí òun jókòó. Ó yíjú kúrò lára ẹnu rẹ̀ kó má baà rí èyí tó kù. Ohun kan ṣoṣo tí adití lè ṣe tí ẹlẹ́tí ò lè ṣe nìyẹn.

"Bàbá, nọ́ọ̀sì tó máa lò ó àti dókítà ò ní jọ jókòó sídìí tábìlì kan. Ẹ ní kí ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọgbà, kí wọ́n ti ibẹ̀ pè yín."

Alága rò ó. "Òótọ́ lọmọ yìí sọ," ló ní. "Ẹ lọ sísàlẹ̀ ná, ká lè mọ̀ bó ṣe rí."

Ọ̀gá Káre mú fóònù, ẹnjiníà tẹ̀ lé e, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́, fóònù alága dún. Alárinà ti ṣe tirẹ̀. Alága gbé e, ojú ọ̀gá yọ, ó kún ojú fóònù bámúbámú. Olójú wo ìlà ohùn. Òdo. Ó yíjú sí alága, ó ń retí kí ó fajú ro, kí ó ní òun ò gbọ́.

Alága mi orí. "Mo gbọ́ o!" ló ní. "Mo gbọ́! Ketekete!" Akọ̀wé pàtẹ́wọ́.

Olójú wo òdo, ó wo alága tó ń rẹ́rìn-ín. Àbí kọ̀ǹpútà ló ń purọ́ lóòótọ́? Àbí òun ni òun ń yọjú sí ọ̀rọ̀ tí kò kan òun, bí gbogbo wọn ṣe ń wí láti ìjẹta? Ta ni òun, tí òun kò mọ bí ohùn ṣe ń rí mọ́, tí òun kàn ń rántí rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń rántí òórùn ilé tó ti wó? Alága tún ti mú gègé. Ó sì ń dá ọ̀gá lóhùn bó ṣe ń wá ibi tí yóò kọ orúkọ sí, ó ń ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà náà ló rí ọrùn bàbá náà. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń sọ, kì í tẹ orí sí fóònù tó wà níwájú rẹ̀. Apá òsì ló ń dẹ etí sí. Apá òsì ni fèrèsé wà.

Ìyẹn ni pé ńṣe ni Ọ̀gá Káre dúró sísàlẹ̀ fèrèsé, tó ń pariwo bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó kàn dì í mú lásán ni.

Olójú ò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gba ẹ̀yìn àga akọ̀wé kọjá, ó fa fèrèsé méjèèjì pọ̀, ó ti ọ̀pá irin rẹ̀ wọlé.

Alága gbójú sókè. Ó wo fóònù, ó gbé e sétí, ó tún gbé e wálẹ̀ wò. "Hẹ́lò?" ló ní. "Hẹ́lò? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó ti pa á ni?"

"Kò pa á, Bàbá. Ẹ wò ó, ojú wọn ṣì wà níbẹ̀. Ohùn wọn ni kò wá rí. Fèrèsé lẹ fi ń gbọ́ wọn."

Akọ̀wé sún mọ́ fóònù. Níbẹ̀, Ọ̀gá Káre rò pé ìpè ti parí, ó ti gbé fóònù fún ẹnjiníà dì mú, kò sì sí èyí tó rántí pa á nínú wọn. Ojú àwọn méjèèjì hàn kedere. Ètè wọn ń lọ. Àwòrán náà dára púpọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n kúkú fi tún un ṣe.

"Ẹnu wọn ń lọ," ni alága wí. Ó kọjú sí Olójú. Ó ti rí i pé ojú obìnrin náà kò kúrò lára fóònù, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Ẹni tó bá ń fi ojú gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ̀ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í hàn létè. Ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni Olójú ti ń wo ẹnu Ọ̀gá Káre. Ó mọ ìlò rẹ̀ bó ṣe mọ ọ̀nà ilé. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní wọ́n ń kí alága ni, wọ́n á tún fóònù náà ṣe lọ́jọ́ mìíràn, òun á sì wà nídìí iṣẹ́ òun. Tàbí wọn ò ní tún un ṣe. Ọkùnrin kan ṣì wà lórí àga lẹ́yìn òkè tó mú irin dání.

Ó sọ ọ́. Bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu wọn náà ló ń tẹ̀ lé e, láìfi kún un, láìyọ kúrò, pẹ̀lú ohùn gbọọrọ rẹ̀ tí kò mọ ìbínú yàtọ̀ sí ìkíni.

"Ọ̀gá ní, ṣé o rí bàbá yẹn, mo sọ fún ẹ pé kò mọ nǹkan kan. Ó ní, kó sáà ti fọwọ́ síwèé, kó máa gbé ikùn ẹ̀ lọ."

Alága gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Akọ̀wé yíjú sí ògiri.

"Ẹnjiníà ní, adití yẹn ńkọ́, ó ti fẹ́ da gbogbo ẹ̀ rú. Ọ̀gá ní, ìyẹn, lọ́jọ́ Ajé ló ń lọ." Ó mí díẹ̀. "Ọ̀gá ní, bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn òkè, nọ́ọ̀sì la máa di ẹ̀bi ẹ̀ rù. A máa ní ibi tí kò yẹ ló ń tẹ̀. Ta ló máa gbọ́ tiẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnjiníà ní, kò sí wàhálà."

Alága dé ìdérí gègé rẹ̀ padà. Ó fara balẹ̀ dé e, bí olùkọ́ ṣe ń ṣe nígbà tó bá ti rí i pé gbogbo kíláàsì ló jí ìwé wò. Ó ní kí akọ̀wé pe ẹ̀yìn òkè, kí ọkùnrin orí àga sọ̀ kalẹ̀, kí ó máa lọ sílé.

Ẹsẹ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Káre wọlé, ó ń làágùn, ó ń dán.

"Bàbá wa! Ṣé ẹ gbọ́ wa?"

"A gbọ́ yín," ni alága wí.

"Gbogbo ẹ̀ náà?"

"Gbogbo ẹ̀. Títí kan ti ikùn."

Ó gba ọ̀gá tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó yé e. Ó wo fóònù tó wà lórí tábìlì, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnjiníà tí kò tíì pa, ó wo fèrèsé tó tì pa. Níkẹyìn, ó wo Olójú.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Kò-Sí-Wàhálà fi ṣí ọ̀nà ohùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìwé àbọ̀ iṣẹ́ gàdàgbà gàdàgbà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Kò tiẹ̀ ṣí i rí láti ọjọ́ tó ti dé, torí kò sí ohun tó sún un dé ìdí rẹ̀. Alága ní òun ò ní fọwọ́ sí ohunkóhun títí nọ́ọ̀sì ẹ̀yìn òkè yóò fi gbọ́ dókítà láti ibi tó wà, àti pé Olójú ni yóò lọ dán an wò, tí yóò sì kọ àbọ̀ rẹ̀. Bí ọjọ́ Ajé ṣe kọjá nìyẹn tí kò sẹ́ni tó lé e. Wọn ò lè lé ẹni tí alága ń dúró de ìwé rẹ̀.

Ọjọ́rú ló gbé fóònù náà gun òkè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ṣá. Wọ́n jọ gbé e kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó máa tú rédíò òun, kódà bí alága ìgbìmọ̀ ti ayé àti ti ọ̀run bá fọwọ́ sí i. Olójú jókòó síwájú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà gbé e, nọ́ọ̀sì sì dá a lóhùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì ń mi orí, ó ń sún fóònù sísàlẹ̀, ó ń tún un sún. Nígbà tí wọ́n parí, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀ kí ó lè rí ẹnu òun dáadáa.

"Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gba orí ẹ̀rọ yín kọjá?"

"Kí ló ní?"

"Ó ní kí n sún ojú fóònù wálẹ̀, iwájú orí mi nìkan lòun ń rí."

Olójú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ da omi gbígbóná sínú ife méjì, ó jókòó tì í. "Ọ́fíìsì ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ níṣojú mi báyìí, ńṣe ni wọ́n máa ń fọwọ́ bo ẹnu. Láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀gá, ẹnjiníà, gbogbo wọn."

"Irọ́ ni!"

"Ọ̀gá tiẹ̀ máa ń fi ìwé bò ó. Lánàá, ó fi bo ẹnu títí tó fi kọlu ilẹ̀kùn."

"Ọwọ́ ò ro wọ́n ni?"

"Ó ń ro wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnjiníà ti ń fi ọ̀tún pààrọ̀ òsì."